Báyọ́lọ́jì nínú WAEC: bí máàkì 200 ṣe pín, àti ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ́ SS3 ní Báyọ́lọ́jì, ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní nínú kíláàsì náà lè ka orúkọ gbogbo eegun ẹ̀yìn fún ọ láìwo ìwé. Lọ́jọ́ kan mo fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀wà tí mo ti rẹ sómi mọ́jú, mo ní kí wọ́n là á sí méjì, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n bá rí. Tirẹ̀ ló lẹ́wà jù. Ó fi pẹ́ńsùlù kun ibi tó ṣókùnkùn, ó fi ìka ra á kó lè máa dán, ó fi ọwọ́ lásán fa ìlà orúkọ, ó sì fi orí ọfà sí ẹnu gbogbo wọn. Nígbà tí mo máàkì í bí WAEC ṣe ń máàkì, kò gba ìdajì. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Èmi gan-an ò rí nǹkan kan sọ, torí èmi ni tíṣà rẹ̀, mi ò sì tíì fi ọjọ́ kan kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Ìdánwò yìí ní ìrísí tirẹ̀, wọ́n ti kọ ìrísí náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i, síbẹ̀ ibi tí máàkì pọ̀ sí jù lọ nínú rẹ̀ ni àwa tíṣà àtàwọn ọmọ jọ máa ń fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ìwọ tó ń múra WAEC ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí òbí bá ń kà á pẹ̀lú rẹ, kò burú, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún òbí náà.

Bí máàkì ṣe pín

Àjọ WAEC ti wà láti ọdún 1952. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló jọ ni ín: Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gambia àti Liberia, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra. Orúkọ ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún SS3 ni WASSCE, àmọ́ ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? WAEC ni gbogbo wa ń pè é, WAEC náà ni mo máa pè é níbí.

Pépà mẹ́ta ni Báyọ́lọ́jì ní. Pépà 1 jẹ́ ìbéèrè 50 tí o máa mú ìdáhùn kan nínú A sí D, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n fún un, máàkì 50 ló sì ní. Pépà 2 jẹ́ èyí tí o máa fọwọ́ kọ àlàyé sí, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, máàkì 70. Pépà 3 ni pírákítíkà, wákàtí méjì gbáko, máàkì 80. Pa wọ́n pọ̀, ó di 200.

Wo iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Pírákítíkà nìkan kó ìdá méjì nínú márùn-ún. Objective, ìyẹn Pépà 1, tí àwọn ọmọ ń fi gbogbo alẹ́ kà, tí wọ́n ń ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ nítorí rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Bí mo bá sọ èyí fún òbí níbi ìpàdé, wọ́n máa ń rò pé mo ṣì í sọ.

Pépà 1 àti 2 ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ní ìjókòó kan. Ọjọ́ tirẹ̀ ni pírákítíkà ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: wá sílábọ́ọ̀sì, kí o ya á

Mo ní kí o ya á, mi ò ṣeré. Sílábọ́ọ̀sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Apá A jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè márààrún. Apá B, ti àwọn ará Gánà nìkan ni. Apá C jẹ́ ti Nàìjíríà, Sierra Leone, Gambia àti Liberia. Bí Nàìjíríà lo ti ń ṣe ìdánwò, fa apá B ya, fi wé ẹ̀pà. Mo ti rí ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ohun tí wọn kò ní bi í láéláé nítorí pé ó wà nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un.

Ìdí tí pípín yìí fi ṣe pàtàkì ni pé inú apá A nìkan ni gbogbo Pépà 1 ti ń jáde. Apá C máa ń yọjú nínú Pépà 2 àti Pépà 3, ibi tó sì ti ń yọjú, ìbéèrè dandan ni, o kò lè fò ó. Nítorí náà, apá C tó kéré lójú yìí ni wọ́n máa ń fi mú ọmọ tó kà á fìrí.

Òpó méjì ló wà lójú ìwé sílábọ́ọ̀sì. Ọ̀kan sọ orí ẹ̀kọ́, èkejì sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n jinlẹ̀ tó. Òpó kejì yẹn ni kí o máa fi bírò sàmì sí. Bó bá ní kí o lè ya nǹkan, yà á. Bó bá ní kí o ṣe àyẹ̀wò, ṣe é. Ìwé kíkà tí kò tẹ̀ lé òpó kejì yìí ló máa ń jẹ́ kí ọmọ mọ nǹkan púpọ̀ tí kò sí nínú ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Pépà 1

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan, ó parí. Èyí tí o bá mọ̀, ṣe é kí o kọjá. Èyí tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, sàmì sí i, máa lọ, padà wá nígbà tó bá kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kì í yọ máàkì nítorí pé o kùnà, torí náà má fi ibì kankan sílẹ̀ ní òfìfo. Pẹ́ńsùlù HB ni kí o lò láti kun ìwé ìdáhùn, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá pé nọ́ńbà tí o ń kùn bá nọ́ńbà ìbéèrè mu. Ẹni tó bá fo ẹyọ kan láìmọ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló ti yà kúrò lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Pépà 2, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti ń ba odindi ìdáhùn jẹ́

Ìbéèrè mẹ́rin wà ní apá A rẹ̀, méjì ni o máa mú, máàkì 20 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbéèrè kéékèèké ti apá C, dandan ni gbogbo wọn, máàkì 30. Ogún, ogún, ọgbọ̀n: àádọ́rin. Ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lo ní. Bí mo ṣe ń ní kí àwọn ọmọ mi pín in nìyí: ìṣẹ́jú 10 láti ka gbogbo ìbéèrè kí o tó mú méjì, ìṣẹ́jú 40 fún èyí tó jẹ́ dandan, ìṣẹ́jú 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì tí o mú. Èyí tó jẹ́ dandan ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n máa ń sáré lọ sí ibi tí wọ́n mọ̀, wọ́n á kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, agogo á lù, ọgbọ̀n máàkì á wà níbẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Ka ọ̀rọ̀ ìṣe tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. State tàbí list, gbólóhùn kúkúrú ló ń béèrè, wọn kò fẹ́ ìtàn. Explain ń fẹ́ kí o sọ ìdí. Describe ń fẹ́ kí o sọ bí nǹkan ṣe rí tàbí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá ní kí o sọ mẹ́ta, mẹ́ta ni kí o sọ. Tí o bá kọ mẹ́fà pé kí ẹni tó ń máàkì yan èyí tó bá wù ú, mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà, bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn yẹn lo ṣì, o ti pàdánù wọn.

Níbi ìyàtọ̀ ni mo ti ń rí ẹkún jù. Wọ́n ní kí ọmọ sọ ìyàtọ̀ láàárín artery àti vein. Ó kọ ọ́ pé artery ní ògiri tó nípọn, vein ní fáàfù. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ìyàtọ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun kan náà lo gbọ́dọ̀ fi wọn wéra: artery ní ògiri tó nípọn, vein ní ògiri tó fẹ́lẹ́. Artery kò ní fáàfù, àyàfi níbi tó ti ń jáde kúrò nínú ọkàn, vein ní i. Fa ìlà méjì, ṣe é bíi tébù, kí apá òsì àti apá ọ̀tún máa dojú kọ ara wọn. Bí apá kan bá dá wà láìsí èkejì, kò sí máàkì fún un.

Ìkejì, sípẹ́lì. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó máàkì ń kígbe rẹ̀ nínú ìròyìn tí WAEC máa ń gbé jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì mọ̀ pé ó wà. Nínú Báyọ́lọ́jì, lẹ́tà kan lè gbé ọ láti ẹ̀yà ara kan lọ sí òmíràn. Ureter ń gbé ìtọ̀ láti inú kídìnrín lọ sí àpò ìtọ̀, urethra ló ń gbé e láti àpò ìtọ̀ jáde síta. Ẹni tó bá kọ "urether" kò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Mitosis àti meiosis náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí kò ní nǹkan míì nínú ju àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣì lọ. Kí ẹnì kan nílé máa pè wọ́n fún un, kí òun máa kọ wọ́n. Iṣẹ́ òbí nìyẹn. Ẹ kò nílò láti mọ ìtumọ̀ wọn, ẹ kàn máa pe lẹ́tà.

Orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún nìyí: àgbàdo ni Zea mays, aáyán ni Periplaneta americana, alángbá ni Agama agama. Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí o bá ń fọwọ́ kọ ọ́, fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má jẹ́ kí ìlà náà so wọ́n pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pírákítíkà, láti ilé ìdáná

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni o máa ṣe. Méjì jáde láti apá A, máàkì 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta jáde láti apá C, máàkì 30. Bí o bá pín wákàtí méjì sí i, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lo ní fún máàkì kan, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 37 fún méjì àkọ́kọ́ àti ìṣẹ́jú 45 fún ìkẹta.

Kí ọjọ́ ìdánwò tó pé ni WAEC máa ń jẹ́ kí ilé-ìwé mọ àwọn specimen tí wọ́n máa pèsè, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n máa gbé síwájú ọmọ láti wò. Ìgbà yẹn ni ilé-ìwé á kún fún ariwo: ta ló mọ ibi tí a ti lè rí ọ̀pọ̀lọ́, ta ló lè lọ wá ekòló. Ìgbà yẹn náà ni àwọn oníṣòwò "runs" á bẹ̀rẹ̀ sí í fi lísítì kiri lórí WhatsApp. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ kò nílò lísítì. Wọn ì báà gbé ilá tàbí tòmátì síwájú rẹ̀, ìlànà kan náà ló fẹ́ lò.

Ìlànà yíyà nìyí, mo sì fẹ́ kí o ṣe é bí o ṣe ń kà á. Mú ilá kan nínú ìdáná, lo ọ̀bẹ tó mú, gé e ní ìbú. Wo ojú ibi tí o gé. Wàá rí òde rẹ̀ tó ní igun, wàá rí yàrá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wàá rí àwọn ọmọ ilá tí wọ́n so mọ́ àárín gbùngbùn. Ibi tí wọ́n so mọ́ yẹn ni WAEC ń wá: axile placentation ni wọ́n ń pè é. Bí o bá la ìbẹ́pẹ ní ìbú, ẹ̀gbẹ́ ògiri inú ni ọmọ rẹ̀ so mọ́, ó di parietal. Bí o bá la páádì ẹ̀wà tútù ní òró, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tò sí, ó di marginal. Ohun mẹ́ta tí ìyá ẹ máa ń rà lọ́jà, orí ẹ̀kọ́ kan ti tán.

Ó yá, yà á. Pẹ́ńsùlù HB tó ṣóńṣó, ìwé tí kò ní ìlà. Kí àwòrán tó bíi sẹ̀ńtímítà 8 sí 10, má fi í há sí igun ìwé bí sítáǹpù. Ìlà kan ṣoṣo tó lọ tààrà, kì í ṣe ìlà onírun tí o fà tí o tún fà. Má kùn ún. Mo tún un sọ nítorí ọmọ tó sunkún yẹn: má kùn ún. WAEC kò wá ayàwòrán. Ohun tí o rí ni kí o yà, kì í ṣe èyí tí o rántí nínú ìwé. Bí ilá tó wà níwájú rẹ bá ní yàrá mẹ́fà, mẹ́fà ni kí o yà.

Fi rúlà fa ìlà orúkọ, kí wọ́n lọ ní ìbúlẹ̀, kí ẹnu wọn kan ohun tí ò ń dárúkọ gan-an, kí ọ̀kan má gba orí èkejì kọjá, kí ó má sì ní orí ọfà. Kí gbogbo orúkọ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Àkọlé ni kókó tó kàn, lẹ́tà ńlá ni kí o fi kọ ọ́, kó sì sọ bí o ṣe gé e: TRANSVERSE SECTION OF OKRA FRUIT. Ọmọ tó gé e ní ìbú tó wá kọ longitudinal ti sọ máàkì nù níbi tí ó ti parí iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìlọ́po, tí wọ́n ń pè ní magnification. Fi rúlà wọn àwòrán, fi rúlà kan náà wọn ohun gidi ní ibi kan náà, kí o pín ti àwòrán pẹ̀lú ti ohun gidi. Ilá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 2, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 9, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ ×4.5. Má kọ "4.5 cm". Sẹ̀ńtímítà ti pa sẹ̀ńtímítà níbi ìpín, kò sí ìwọ̀n kankan mọ́. Ohun kékeré bí irú èyí ni ọmọ ń pàdánù lórí àwòrán mẹ́ta, mẹ́rin, láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Àkọlé, títóbi, mímọ́ ìlà, títò àwọn orúkọ, ìlọ́po: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀, kó tó di pé wọ́n ka iye ohun tí o dárúkọ. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ gbogbo orúkọ lè kó máàkì jọ níbẹ̀. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo, tí kò mọ ìlànà, ló máa ń jáde tí á ní òun ṣe dáadáa, tí èsì á sì yà á lẹ́nu.

Àyẹ̀wò oúnjẹ ni ìkejì. Iodine wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Kán ẹyọ kan sórí iṣu tútù, kán òmíràn sórí gàárì, kán òmíràn sórí ẹyin funfun tí wọ́n sè. Ohun tí o máa kọ ju ohun tí o rí lọ. Òpó mẹ́ta ni: ohun tí o ṣe, ohun tí o rí, ohun tí ó túmọ̀ sí. "Mo kán iodine sí i, mo rí starch" kò tọ̀nà, ojú ènìyàn kì í rí starch. Àwọ̀ lo rí: iodine tó rí bí omi tíì di aró tó dúdú. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé starch wà níbẹ̀. Bákan náà ni Benedict, tí o bá gbé e gbóná pẹ̀lú ṣúgà bíi glucose, tí búlúù rẹ̀ á máa yí lọ títí á fi pupa bíi bíríkì. Biuret fún protein, àwọ̀ àlùkò. Sudan III fún epo, pupa. Bí kò bá sí àyípadà, kọ pé kò sí àyípadà, kí o sì sọ pé ohun yẹn kò sí níbẹ̀. Máàkì wà fún ìyẹn náà.

Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìyàtọ̀ tí ojú lè rí láàárín specimen méjì, ohun tí ojú rí ni kí o dúró lé lórí. Aáyán àti tata: aáyán ní ìwo gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, ti tata kúrú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tata tóbi, ó gùn ju àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ yòókù lọ dáadáa. Má kọ pé aáyán ń gbé inú ilé tí tata ń gbé inú koríko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ní ojú tábìlì tó wà níwájú rẹ.

Eegun ni àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù, ó sì rọrùn jù láti rí. Bẹ alápatà kó fún yín ní ọrùn ewúrẹ́ láìgé e wẹ́wẹ́. Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹran rẹ̀, ẹ fọ eegun, ẹ sá a. Eegun àkọ́kọ́ tó gbé orí dúró ni atlas, kò ní ara líle ní àárín bí àwọn tó kù, ó dà bí òrùka tó ní apá méjì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni axis, ó ní eyín kan tó yọ síwájú, inú òrùka atlas ni eyín náà ń wọ̀, ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ fi lè yí ọrùn. Bí ọmọ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ọ̀kan bọ èkejì lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní gbàgbé mọ́. Mo ní àwo eegun kan nílé tí ọmọ mi ń pè ní "ẹran Báyọ́lọ́jì", àwọn àlejò kì í fẹ́ bi mí kí ló wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pín ọdún mẹ́ta

SS1: àwòrán kan lọ́sẹ̀ kan, bó ti wù kó mọ. Ewé, èso, ẹja ẹpìyà, ìyẹ́ adìẹ, èso igi flamboyant tí a máa ń mì bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà ọmọdé. Ní ìparí ọdún, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n.

SS2: jáde síta. Igi mẹ́rin tó gùn ní mítà kan àti okùn ni quadrat. Jù ú sínú pápá ilé-ìwé, ka irú koríko tó wà nínú rẹ̀, kọ iye sílẹ̀, jù ú síbòmíràn, kà á. Nígbà tí ìbéèrè bá dé lórí irinṣẹ́ inú ẹ̀kọ́ àyíká, kò ní dà bí ọ̀rọ̀ àjèjì létí rẹ. Nígbà tí o bá dé orí genetics, ẹ̀kọ́ nípa bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ, ìdárayá bí ìṣirò ni kí o fi ṣe, kì í ṣe kíkà.

SS3: ìbéèrè àtijọ́, àmọ́ má kà á bí ẹni ń ka ìdáhùn sórí. Ṣe é pẹ̀lú agogo, kí o wá ṣí ìròyìn àwọn ọ̀gá olùmáàkì wò, kí o rí ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ọmọ ṣì. Rántí pé ilé-ìwé máa ń fi máàkì CASS ránṣẹ́ sí WAEC, èyí tó jáde láti inú iṣẹ́ àmúrelé àti ìdánwò kíláàsì rẹ. Má fojú kéré rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe é níta, àti ohun tí èsì ń ṣí

Ẹni tí kò sí nílé-ìwé lè ṣe ti àdáni. Pépà 1 àti 2 rẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ Pépà 3 tirẹ̀ jẹ́ ìdánwò nípa iṣẹ́ pírákítíkà lórí ìwé, kì í ṣe pé wọ́n á gbé ekòló síwájú rẹ̀. Ọdún 2024 ni WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ti àdáni ní Nàìjíríà, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìdáhùn lórí rẹ̀ kó tó dé gbọ̀ngàn.

A1 ló ga jù, B2, B3, C4, C5 àti C6 tẹ̀ lé e. C6 ni ẹnu ọ̀nà kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ pé o yege lásán, F9 jẹ́ pé o kùnà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìṣègùn ní yunifásítì nílẹ̀ wa nílò kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn náà ló sì máa mú nínú UTME tí JAMB ń ṣe. Ìbéèrè 40 ni Báyọ́lọ́jì ní níbẹ̀, kò ní pírákítíkà, iṣẹ́ Pépà 1 ló jọ. NECO, ìdánwò SS3 kejì tó ń ti Minna wá, ní pírákítíkà tirẹ̀, ọwọ́ tí o bá fi ya ilá fún WAEC lo máa fi yà á fún NECO. Ẹni tó bá gba ọ̀nà JUPEB tàbí IJMB láti wọ ọdún kejì yunifásítì á tún pàdé láàbù níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ pírákítíkà

Pẹ́ńsùlù HB méjì tí o ti gbẹ́ lálẹ́, ohun tí a fi ń gbẹ́ ẹ, rọ́bà tí kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀, rúlà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tíì pa rẹ́. Má gbẹ́kẹ̀ lé pé wàá yá tẹnìkejì, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀.

Tí o bá jókòó, má tíì yà nǹkan kan. Lo ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láti wo gbogbo specimen, lẹ́tà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìbéèrè tó bá a mu. Wo èyí tí o máa gé: wọ̀n ọ́n kí o tó gé e, torí tí o bá ti gé e tán tí ó ti fọ́, kò sí ohun tí o máa fi ṣírò ìlọ́po mọ́. Bí specimen rẹ bá ti bàjẹ́ tàbí tí lẹ́tà ara rẹ̀ ti já, na ọwọ́ sókè kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, fi ohun tí ò ń kọ sílẹ̀. Padà sí àwòrán kìíní. Wo òkè rẹ̀ bóyá àkọlé wà níbẹ̀, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ×, àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, wà níbẹ̀. Lọ sí èkejì.